Kí ni kí n fi sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé láìná owó rẹpẹtẹ?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ń gbé. Mo fẹ́ sin ẹja àrọ̀ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, kí ilé lè máa rí jẹ. Kànga wa kì í gbẹ, ohun tí n ó da omi sí ni mi ò tíì mọ̀.

Mo ti ro ti kọ́ńkéré, àmọ́ sìmẹ́ǹtì wọ́n, ilé onílé sì ni mo wà. Mi ò lè gbé e dání bí mo bá kó kúrò. Táńkì oníke tuntun náà ju agbára mi lọ. Ó wá ku méjì: tapólì tí a fi pákó gbé ró, tàbí àlòkù táńkì onígun mẹ́rin tó ń gba lítà 1,000, tí irin yí ká, kí wọ́n gé orí rẹ̀. Tapólì fẹ̀ dáadáa, àmọ́ èkúté pọ̀ ládùúgbò wa, ihò kan ṣoṣo sì ti tó láti da gbogbo omi nù. Ti táńkì àlòkù, ohun tí wọ́n fi gbé tẹ́lẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Kẹ́míkà lè wọ inú ike, kí ọṣẹ má lè fọ̀ ọ́ tán, ẹja tí àwọn ọmọ mi máa jẹ sì ni. Ẹni tó ń tà á sọ pé òróró ni, ṣùgbọ́n àkọlé ara rẹ̀ ti bó.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú méjèèjì, èwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó máa ní kí n mú? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.