Ẹ gbà wá lọ́wọ́ "ayédèrú ẹ̀rọ"

Ẹ̀yin ará,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìjíròrò yìí, lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún "virtual machine", láì dá sí i, torí mo rò pé ẹnì kan á sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tún wá gbé "ayédèrú ẹ̀rọ" sínú àbá wọn lórí ìwé àṣẹ (license) láti lo sọ́fítíwià lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ó di dandan kí n fọhùn.

Gbólóhùn wọn nìyí: "Kí ilé iṣẹ́ tó ra ìwé àṣẹ, kó mọ iye ayédèrú ẹ̀rọ tó fẹ́ lò." Ẹ dákun, ẹ tún un kà. Ta ní ń ra ìwé àṣẹ fún ayédèrú? Ayédèrú owó, ayédèrú oògùn, ayédèrú ìwé ẹ̀rí: ọlọ́pàá ló ń wá gbogbo wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ pè ni kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwià dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, tó ní Windows tàbí Linux (sọ́fítíwià tó ń darí kọ̀ǹpútà) tirẹ̀, tó sì ń jíṣẹ́ bí èyí tó jẹ́ irin. Ẹ̀tàn wo ló wà níbẹ̀? Orí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ gan-an ló ti burú jù, torí ibẹ̀ la ti ń bá àwọn tó ń lo ayédèrú sọ́fítíwià ní ti tòótọ́ wí.

Àbúrò kan dá "aṣebíẹ̀rọ" lábàá. Ó gbìyànjú, àmọ́ "ṣe bí" yẹn ni mi ò fẹ́. Ẹni tó ń ṣe bí ọba, kì í ṣe ọba. Ègé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti dá wa padà sọ́dọ̀ ayédèrú.

Àwọn àgbà tó dá "asọ̀rọ̀mágbèsì" àti "amóhùnmáwòrán" ò ṣe é báyìí. Ẹ wo "má" méjèèjì. Ohùn òkè kan náà ni wọ́n ní, síbẹ̀ ìyísódì ni ti àkọ́kọ́. "Mú" tí fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ ìpajẹ níwájú "àwòrán" ni ti ìkejì. Etí ẹnikẹ́ni kì í ṣì wọ́n gbọ́. Irú etí bẹ́ẹ̀ ti wọ́n láàárín wa.

Ohun tí mo fara mọ́ ni "ẹ̀rọ agbàlejò" fún irin náà, àti "ẹ̀rọ àlejò" fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. (Ẹni tó kọ "agbálejò" lọ́jọ́sí, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ń gbá àlejò létí ni. Ohùn ìsàlẹ̀ "àlejò" ló yẹ kó dúró níbẹ̀.) Ìṣirò owó fúnra rẹ̀ ló gbè mí lẹ́yìn. Láti ẹ̀dà 2016 ni Microsoft ti ń ka core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) láti mọ owó ìwé àṣẹ Windows Server, ìyẹn Windows ti sáfà. Gbogbo core ara agbàlejò lẹ máa sanwó fún, ó kéré tán 8 lórí prósẹ́sọ̀ kan àti 16 lórí sáfà kan. Tí ẹ bá ra Standard, irú Windows Server tó dínwó, tó kájú gbogbo wọn, àlejò méjì lẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ẹ fẹ́ mẹ́rin? Ẹ tún san owó gbogbo core yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Datacenter, irú mìíràn, ò ka àlejò rárá, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti Standard lọ fíìfíì. Tí àlejò ò bá pọ̀, ìnákúnàá ni.

Àlejò lè ṣí láti ara agbàlejò kan bọ́ sí òmíràn láìdá iṣẹ́ dúró. Ìwé àṣẹ Standard lásán ò bá a lọ: irin ni wọ́n so ó mọ́, ẹ ò sì lè gbé e sórí irin mìíràn kí ọjọ́ 90 tó pé, àfi tí irin náà bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ká ní agbàlejò méjì ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àlejò méjì. Tí ọ̀kan bá ní láti gba ti èkejì mọ́ra lọ́jọ́ ìṣòro, owó àlejò mẹ́rin lẹ máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò nìyí. Ẹ̀gbọ́n á sọ pé láti 2022, ẹni tó bá ní Software Assurance (àdéhùn àfikún tí Microsoft ń tà mọ́ ìwé àṣẹ) tàbí tó ń san àsansílẹ̀ (subscription) lè ka core àlejò fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Àlejò tó ń san owó ara rẹ̀, àlejò náà ni.

Ẹni tó kọ "Linux ọ̀fẹ́ ni", ẹ rọra. GPL ẹ̀dà 2, ìwé àṣẹ tó wà lórí kernel (ọkàn) Linux, ò ka core, kò sì ka àlejò; ẹ dá ẹgbẹ̀rún àlejò tó ń lo Debian, ọ̀kan lára irú Linux, sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Red Hat, ilé iṣẹ́ tó ń ta Linux, ńkọ́? Àsansílẹ̀ ni wọ́n ń gbà: ọ̀kan kájú prósẹ́sọ̀ méjì lára sáfà kan, tàbí àlejò méjì. Òmìnira ni GPL ń fúnni, ẹ má fi ọ̀fẹ́ pè é mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí mi, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ "ìyọ̀ǹda" tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò "ìwé àṣẹ", mi ò gbà á. Ìyọ̀ǹda, ńṣe là ń tọrọ rẹ̀, a kì í rà á. Ẹ kọ gbólóhùn kan tó ní owó nínú sí wa, ká gbọ́ bó ṣe máa dún.