Ìfoorudánwò ni, kì í ṣe ìfinádánwò

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Níbi tá a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, mo rí èyí tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá fún bí wọ́n ṣe ń fi ooru líle dán àwọn bíríkì tungsten, irin tí kì í tètè yọ́, wò. Àwọn bíríkì yìí ló máa wà nísàlẹ̀ ITER, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Cadarache, nílẹ̀ Faransé, láti fi da átọ́ọ̀mù pọ̀ kí agbára lè jáde, níbi tí ooru plasma, ìyẹn gáàsì tó gbóná kọjá ààlà tó máa wà nínú ẹ̀, ti máa pọ̀ jù. Wọ́n ní ká máa pe ìdánwò náà ní "ìfinádánwò". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà dùn létí àmọ́ iná inú ẹ̀ ló ń kọ mí lóminú.

Iná lẹ́nu wa, mélòó ni? Iná igi wà, iná mànàmáná wà, tí wọ́n bá "mú iná wá" ládùúgbò kò sẹ́ni tó máa sáré wá omi. Ẹni tó bá ka "ìfinádánwò" lè rò pé wọ́n so wáyà mọ́ nǹkan náà ni, kí wọ́n wò ó bóyá iná á gbé e. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé iná kankan ò jó níbẹ̀. Ní Garching ní Jámánì, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GLADIS wà, inú àgbá irin tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú ẹ̀ tán ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á wá máa da háídírójìn tó ń sáré burúkú lù ú, bẹ́ ẹ bá ṣáná síbẹ̀ kò ní ràn. Níbòmíì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń dà lù ú. Ohun tó ń wọ bíríkì yẹn lára, ooru ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ooru ti rọ̀ jù, pé òun náà la fi ń sọ pé ooru mú lálẹ́ àná. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbóná ńkọ́? Ìyá mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn nínú ilé lọ́sàn-án gangan. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbé ooru náà dìde: mẹ́gáwáàtì 10 lórí mítà kan níbùú lóòró, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ kó gbogbo ooru áyọ́ọ̀nù tá a fi ń lọ aṣọ, tó jẹ́ kìlówáàtì kan, sórí ibi tí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. ITER ní kó gba ìyẹn ní ìgbà 5,000, kó tún gba ìlọ́po méjì ẹ̀ ní ìgbà 300, omi á sì máa ṣàn nínú páìpù bàbà tó gba àárín ẹ̀ kọjá.

Orí iye ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí òkúta ààrò. Èyí tí màmá mi àgbà ń lò pẹ́ kó tó sán, lójoojúmọ́ iná á mú un, ọbẹ̀ á hó dà sí i lára, á tutù, ó dọjọ́ kan a kàn gbọ́ pàá! ìkòkò sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ooru ọjọ́ yẹn nìkan ló là á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fara mọ́ "àárẹ̀ irin" tí ẹ̀gbọ́n kan náà mú wá, ó bọ́ sí i gan-an. Kó tó di pé wọ́n gbọ́ pàá làwọn ẹlẹ́rọ ṣe ń fi kámẹ́rà tó ń rí ooru ṣọ́ ojú bíríkì, ibi tí tungsten bá ti ṣí kúrò lára bàbà, ooru ò ní ráyè kọjá sínú omi, ibẹ̀ á gbóná ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Àǹtí wa tó ní ká máa pe bíríkì tójú ẹ̀ wà níbi tí plasma wà ní "adojúkọ-plasma", ìjà ti wà nínú dojú kọ. Ilé tó kọjú sí títì ò bá títì jà, ibi tójú ẹ̀ wà là ń sọ. "Akọjúsí-plasma" ni tèmi. Ẹnì kan tún ní ká pè é ní "ayáná", ó wù mí gan-an, àmọ́ ẹni tó ń yáná á sún sẹ́yìn tó bá gbóná jù, bíríkì yìí ò níbi tó fẹ́ sún sí.

Ó wá ku "ìyípo" tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi pe gbígbóná kan àti títutù kan. Kò sí nǹkan tó yí po níbẹ̀. "Ìgbà" ti tó wa lò: wọ́n fi ooru dán an wò ní ìgbà 5,000, ọmọ iléèwé kékeré á gbọ́ ọ.