Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òdòdó Mackintosh yìí ń sọ?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àwòrán. Ọ̀rẹ́ mi kan fi káàdì ránṣẹ́ sí mi láti Glasgow. Òdòdó Fritillaria tí Charles Rennie Mackintosh fi pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà olómi yà ní Walberswick, abúlé kan ní England, lọ́dún 1915 ló wà lára rẹ̀. Òdòdó náà dorí kodò bí ẹni tó ń ronú, ara rẹ̀ sì rí onígun mẹ́rin mẹ́rin bí ojú pátákó dìráfù. Ayàwòrán ilé ni bàbá yìí, ó sì fẹ́ràn igun mẹ́rin púpọ̀. Ṣé torí ìyẹn nìkan ló ṣe mú òdòdó yẹn, àbí ìbànújẹ́ ló ń sọ? Ọdún 1914 ló kúrò ní Glasgow, ogun dé, àwọn ará Walberswick sì ń fura sí i pé amí Jámánì ni.

Èyí tó tún rú mi lójú: CRM àti MMM wà nínú àpótí kékeré kan lára àwòrán náà. CRM ni Mackintosh fúnra rẹ̀, MMM sì ni ìyàwó rẹ̀, Margaret Macdonald Mackintosh. Ṣé ó bá a yà á ni, àbí ó kàn jókòó tì í? Ẹ má sọ pé òdòdó lásán ni o, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ìyẹn.