“Ìgbékúrò” kọ́ là ń ṣe sí àkọsílẹ̀ aláìsàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ méjì síwájú wa, fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ software tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Wọ́n ní kí á pe sísọ ọ́ dọ̀tun ní “ìgbéga”, kí á sì pe kíkó àkọsílẹ̀ láti inú ti àtijọ́ bọ́ sínú tuntun ní “ìgbékúrò”. Mi ò bá wọn jà lórí ti àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ ń gba ìgbéga, kí software náà gbà á. “Ìgbékúrò” ni mi ò lè gbé mì.

Ẹ wò ó ná. Ìyá ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú fèrèsé káàdì, ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sí àyà. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, “Màmá, ẹ ṣe sùúrù, ìgbékúrò là ń ṣe lọ́wọ́.” Nílé ìwòsàn? Ta ni wọ́n ń gbé kúrò? Ẹni tó bá ti sùn ti aláìsàn rí mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ní “wọ́n ti gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù”. Ẹ̀gbọ́n á ní èmi ni mò ń ro ibi. Rárá o. Etí aláìsàn ni ọ̀rọ̀ náà máa bọ́ sí, kì í ṣe etí tiwa.

Èyí tó tún dùn mí jù ni “kúrò” fúnra rẹ̀. Kúrò kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Bí mo bá gbé àga kúrò ní pálọ̀, ilẹ̀ lásán ló kù. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é láìséwu, kò gbà kí ohunkóhun kúrò. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní backup. Wọ́n á tú àdàkọ náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n á tàn án, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, nítorí àdàkọ tí ẹnìkan ò tíì tú wò rí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó lè fọwọ́ kan ojúlówó. OpenMRS, software àkọsílẹ̀ aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Áfíríkà ń lò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: bí ẹ bá tan ẹ̀dà tuntun rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa tún inú dátábéèsì, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà, tò. Tó bá ti tò ó tán, kò sí ọ̀nà àbọ̀ àfi àdàkọ tí ẹ ti ṣe sílẹ̀. Ti àtijọ́ á ṣì wà níbi tó wà fún ìgbà díẹ̀, kí èèyàn lè kà á, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan kún un. Kí ló wá kúrò níbẹ̀?

Mo ti rí ohun tí “kúrò” ń dá sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan nílùú Abẹ́òkúta níbí, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ káàdì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá bá wa ṣe é parí lálẹ́, ó sì pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “A ti gbé e kúrò níbẹ̀, kí la tún ń fi í ṣe?” Ilẹ̀ mọ́, mo jókòó, mo wá orúkọ aláìsàn kan, Ṣódípọ̀. Kò sí. Mo wá a lọ títí, mo bá a lókè pátápátá: ?ódíp??. Ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́tà ó tó ní àmì ohùn lórí, nǹkan kan kò ṣe é. Ṣ di àmì ìbéèrè kan. Ọ̀ di méjì, nítorí nínú kọ̀ǹpútà, ọ dá wà, àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ náà dá wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀gbá mọ iye orúkọ wa tó fi Ṣó bẹ̀rẹ̀: Ṣówándé, Ṣóyẹmí, Ṣóbọ̀wálé, Ṣódẹindé. Gbogbo wọn tò sábẹ́ àmì ìbéèrè.

MySQL, ètò dátábéèsì kan, ni wọ́n ń lò. Kó tó di ẹ̀dà 8.0 tó jáde lọ́dún 2018, latin1, àtòjọ àwọn lẹ́tà tó mọ̀, ló máa ń bá wá bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Latin1 mọ á, ó mọ ò, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Bí wọ́n bá ti fi utf8mb4, àtòjọ tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, sí ìhà méjèèjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá sì ṣì wà, ọ̀sán ọjọ́ kan la ò bá fi tún un ṣe. Káàdì oníbébà la padà sí, à ń tẹ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá lọ́dún 1859 ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ o.

Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé akọ̀wé káàdì kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ gírámà. Ó dáa. Ìyá mi àgbà kò ka gírámà kankan, adìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú. Nígbà tí wọ́n ń kó ìsọ̀, mo bi wọ́n bóyá kí n máa gbé àwọn aṣọ náà lọ. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀kan là ń gbé. Kó wọn.” Èékánná wọn dúdú fún aró, wọ́n fi ń ka aṣọ ní méjì méjì kó tó kúrò nílẹ̀, wọ́n sì tún un kà nígbà tó dé ìsọ̀ tuntun. Àǹtí mi jókòó ti ìsọ̀ àtijọ́ títí ìyá fi ránṣẹ́ pé ó pé. Ohun tó yẹ kí ọmọkùnrin yẹn ṣe náà nìyẹn: ka iye aláìsàn, ka iye oògùn tí kò bá wọn lára mu, kà á níhìn-ín, kà á lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, “ìkókọjá” ni mo fi sílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń kó ẹrù kọjá odò Ògùn, tí ẹnìkan wà létí odò níhìn-ín, tí ẹnìkan wà lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti fèsì sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní “kó” ń rùn sí olè, pé olè ló ń kó ilé. Ṣé olè náà ló ń kó irè oko? Ọ̀rẹ́ wa, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kọ “kọ̀já” dípò “kọjá”, mi ò lè pè é ní àṣìtẹ̀ mọ́. Ohùn àárín ló wà lórí kọ. Bí ti Ìjẹ̀bú bá yàtọ̀, ẹ fi àpẹẹrẹ hàn wá.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbòmíràn nílùú yìí ti ní kí n bá àwọn kọ ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fèrèsé káàdì. Ọjọ́bọ̀ ni atẹ̀wé ní Ìbarà fẹ́ gbà á. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Láti aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé títí di aago mẹ́fà àárọ̀ Sọ́ńdè, à ń ṣe ìkókọjá àkọsílẹ̀. Fáìlì yín kò kúrò níbi tó wà. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú káàdì yín dání, kí ẹ sì yẹ orúkọ yín wò kí ẹ tó kúrò ní fèrèsé.”

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìkókọjá lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.