Èsì: “Àfikún àyíká” kọ́ o

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkọ̀lé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní kí a máa pe amúaradàgbà tó ti ara irú àlìkámà wá ní “àjogúnbá”, kí èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ fà máa jẹ́ “àfikún àyíká”. “Kún” yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Kí ni wọ́n fi kún kí ni? Bí ẹ bá da ajílẹ̀ náítírójìn sí i nígbà tó ń yọ òdòdó, amúaradàgbà inú hóró á pọ̀ sí i. Ibẹ̀ yẹn, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá tàbí ooru bá ká a mọ́ ibi tí hóró ti ń gbó, sítáàṣì ni kì í ráyè wọlé tó. Hóró á hunjọ, ìdá amúaradàgbà inú rẹ̀ á ga, kò sì sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá ti pọ̀ jù lẹ́nu, ìyá àgbà mi ní Ìjerò á kọ́kọ́ wò ó bóyá omi rẹ̀ ló gbẹ, kí wọ́n tó bá ẹni tó sè é jà. Lọ́dún tí ìkórè bá sì pọ̀ gan-an, ìdá yẹn sábà máa ń wálẹ̀. Ṣé “àyọkúrò àyíká” la ó wá pe ìyẹn? “Ipa àyíká” ti tó.

Ẹni tó fèsì ṣáájú mi kọ “àbímọ” dípò “àjogúnbá”. Àbímọ́ ni, ọ̀gá, ẹ fi àmì òkè sí i! Abiyamọ ló ń bímọ. Èmi náà fẹ́ àbímọ́, torí òkú ló ń fi ogún sílẹ̀. Àmọ́ jíìnì (èròjà tí òbí fi ń ta àtaré ìwà àti ìrísí fún ọmọ) kan tó ń jẹ́ NAM-B1, tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 2006 lára àlìkámà igbó, fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń mú kí ewé tètè pọ́n, kí náítírójìn, irin àti síǹkì inú ewé lè sọ̀ kalẹ̀ sínú hóró. Ọ̀pọ̀ àlìkámà tí à ń gbìn lónìí, tiwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ogún lè sọnù lọ́nà; àbímọ́ ńkọ́? Mo ṣì ń rò ó.

Ẹni tó ní “ọkà” lásán là ń pe àlìkámà, n kò gbà. Ní ulé tiwa, ọkà ni à ń rò nígbà tí iyán bá wọ́n. Ọdún 19 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní girama, ẹ má wá kọ́ mi ní orúkọ ohun tí mo jẹ dàgbà.