Ìjàpá tí ayálégbé fi sílẹ̀: ojú rẹ̀ dì pa, kò jẹun

Alákéèkì Òkè-Àdó

Ẹ kú ilé o. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtọ́jú ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Ayálégbé kan kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì fi ìjàpá rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti lu ihò sí etí igbá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò. Búrẹ́dì àti ẹ̀bà àjẹkù ni wọ́n máa ń jù sí i. Mo ti tú u. Mo gbé e sórí síkéèlì tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì, kò pé 700 gíráàmù, bẹ́ẹ̀ ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ojú méjèèjì wú, wọ́n dì pa. Ọyẹ́ yìí ti jẹ́ kí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bó, eégbọn sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí itan. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé tí mo bá fọwọ́ kàn án, apá ẹ̀yìn igbá náà á wálẹ̀, á pa dé bí ẹni tilẹ̀kùn. Ṣé ó ti fọ́ ni? Mo gbé tòmátò àti kábéèjì síwájú rẹ̀, kò tiẹ̀ mira.

Màmá mi ní kí n gbé e fún ẹni tó máa sè é. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Alájá Mókólá

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Oòrùn ni ìjàpá fẹ́ràn. Ẹ gbé e sínú iyanrìn gbígbẹ níta láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú á là. Ti eégbọn yẹn, ivermectin tí mo fi ń gún ajá mi, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn á já dànù. Ẹ fi súpà gúlúù dí ihò yẹn. Ẹ̀bà ò ṣe é ní nǹkan kan o, bàbá mi ní ìjàpá kan tó ti ń jẹ ẹ̀bà tipẹ́.

Ìyá Yánrin

Alájá, mo bẹ̀ ọ́, máa tọ́jú ajá rẹ. Alákéèkì, má gún un ní ivermectin o! Oògùn yẹn dára fún màálù, ó dára fún ajá tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń pa ìjàpá. Ńṣe ló máa rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, kò ní lè mí mọ́. Ẹ̀mú kékeré tí ẹ̀yin ọmọge fi ń fa irun ìpéǹpéjú ni kó o fi mú eégbọn náà ní ẹnu ibi tó ti gé e jẹ, kó o fà á tààrà, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀fọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà, mo sì ń sin ìjàpá nílé. Yánrin tí n kò bá tà tán, àwọn ló ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ mi ti wá.

Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kò fọ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìjàpá igbó tiwa ni, irú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys. Tó bá ti dàgbà, igbá rẹ̀ máa ń ní oríkèé lápá ẹ̀yìn, ìyẹn ló fi ń bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù. Ọmọ rẹ̀ kì í ní in. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí ọ̀rọ̀ iyanrìn gbígbẹ. Ìjàpá ńlá tí wọ́n ń kó wá láti òkè ọya, tó ní ẹ̀gún nítan, tó lè wọ̀n ju kílò 40 lọ, òun ló mọ ilẹ̀ gbígbẹ, koríko ló sì pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Tìrẹ, ibòji ló ń fẹ́, àti ewé gbígbẹ tí a wọ́n omi sí, tó lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ dára fún un, kí egungun rẹ̀ má rọ̀. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn nígbà ọyẹ́ á yan án láàyè ni. Àwọn èèyàn ń tọ́jú méjèèjì bákan náà, wọ́n á wá ní ìjàpá ò ṣeé sìn.

Omi ni kó o kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹran tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, tó o bá ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò ní dà nínú rẹ̀. Wá ọpọ́n ike tó tẹ́, bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, kó má kọjá àgbọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti dì, kò gbọdọ̀ rì, nítorí náà jókòó tì í, má fi í sílẹ̀ lọ tẹ fóònù. Bí 20 ìṣẹ́jú láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà nírọ̀lẹ́. Wàá rí i tó máa na ọrùn sínú omi, tó máa mu ún lámupẹ́. Ó lè tọ̀ nǹkan funfun jáde. Má bẹ̀rù, ìtọ̀ rẹ̀ ni. Tí funfun yẹn bá rọ̀, ó dára; tó bá le, tó ní hóró, omi ara rẹ̀ ṣì kéré.

Ojú rẹ̀: fi òwú tútù tó mọ́ nù ún, omi tí o ti sè tó ti tutù ni kó o lò. Má fi tipátipá là á. Eruku ọyẹ́ wà níbẹ̀, àìsí fítámì A wà níbẹ̀, búrẹ́dì àti ẹ̀bà kò ní i. Àmọ́ má lọ ra abẹ́rẹ́ fítámì A lọ́wọ́ onílé oògùn o. Tó bá ti pọ̀ jù, awọ tó ń bó yẹn á bó dé ẹran.

Ihò yẹn ń dùn mí fúnra mi. Igbá ìjàpá, egungun ni, ó so mọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára. Tó o bá fi gúlúù dí i, ìdọ̀tí lo sé mọ́ inú egungun. Fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, sì fi í sínú ilé kí eṣinṣin má lọ yé síbẹ̀.

Oúnjẹ wá lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí kò ríran, imú ló máa fi wá a: gbé ìbẹ́pẹ tó pọ́n gan-an síwájú rẹ̀, tàbí ekòló tó ń yí. Irú èyí kì í ṣe ẹléwé nìkan. Ó ń jẹ olú, ó ń jẹ ìgbín, kódà ó ń jẹ ìkarahun rẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń yá, yánrin àti ewé ìsápá, kó o lọ èèpo ẹyin kúnná, wọ́n ọn lé e. O kúkú ń ṣe kéèkì, èèpo ẹyin ò lè wọ́n ẹ.

Sọ fún màmá pé ẹran tó wà lára rẹ̀ kò kún ṣíbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran

Ìyá Yánrin ti sọ ọ́ tán. Díẹ̀ ni tèmi. Àǹtí, síkéèlì yẹn, ṣé òun náà lẹ tún ń fi wọn ìyẹ̀fun? Ìjàpá tí ara rẹ̀ le gan-an lè gbé kòkòrò Salmonella, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún èèyàn, kò ní hàn lára rẹ̀. Ẹ ra síkéèlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má da omi ọpọ́n yẹn sínú síǹkì ilé ìdáná, ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́.

Tí itọ́ bá ń hó ní imú rẹ̀, tàbí tó ń la ẹnu mí, ẹ má dúró: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ojú náà tó ìdí láti lọ. Ẹ má sì fún un ní oògùn aràn báyìí, ara rẹ̀ kò tíì gbà á.

Alájá Mókólá

Mo ti gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n ti bàbá mi tó ń jẹ ẹ̀bà tipẹ́ ńkọ́?

Ìyá Yánrin

Ìjàpá máa ń pẹ́ kó tó kú. Ìyẹn kọ́ ni pé ara rẹ̀ yá.

Alákéèkì Òkè-Àdó

Ẹ ṣé gan-an mà. Ojú ọ̀tún ti là! Ekòló ló kọ́kọ́ jẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi níka. Dókítà ẹran fún un ní oògùn ojú, wọ́n gé ẹnu rẹ̀ tó ti gùn jù, wọ́n ní kí n máa fọ ihò náà lọ. Ó ti wọ̀n kọjá 700 báyìí, wọ́n ní omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, kí n má tíì máa jó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tó bá ti yá kí n lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran

Rárá o. Ẹ ò mọ igbó tí wọ́n ti mú un, ó sì lè gbé àìsàn ilé lọ bá àwọn tó wà lóko. Ọ̀kan nínú àwọn Kinixys inú igbó wa, Kinixys homeana, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó sún mọ́ ìparun jù lọ.

Ìyá Yánrin

Ọdẹ á tún mú un ni, á dé ọjà padà. Fi í sọ́dọ̀. Má sì ra òmíràn tì í pé kó má dá wà: tí ẹ bá ń ra tọwọ́ wọn, wọ́n á tún wọgbó lọ mú sí i. Wá sí ìsọ̀ mi, mi ò ní gbowó yánrin, ṣùgbọ́n wàá ra ẹ̀fọ́.

Alájá Mókólá

Mà, mo lọ wo ti bàbá mi. Kò ní oríkèé, ẹ̀gún wà nítan rẹ̀, èèyàn méjì ló ń gbé e.

Ìyá Yánrin

Tòkè ọya nìyẹn. Koríko, ọmọ mi. Kí bàbá kó ẹ̀bà wọn jẹ.