Ọjà inú géèmù òfurufú mi ò balẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Mò ń kọ géèmù kan tí èèyàn á ti máa fi ọkọ̀ òfurufú rajà ní plánẹ́ẹ̀tì kan lọ tà ní òmíì, bíi ti Elite tó jáde ní 1984 yẹn. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí iye owó kàn dúró sójú kan, torí ẹni tó bá ti rí ọ̀nà kan tó lérè á kàn máa lọ máa bọ̀ níbẹ̀ ni, géèmù tán nìyẹn. Torí náà ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní ọjà tó ń ṣe jáde àti èyí tó ń lò, bí ọjà bá ṣe ń dín kù lowó ẹ̀ ń gòkè.

Wàhálà ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò tí kọ̀ǹpútà ń darí. Tí epo bá ti wọ́n níbì kan, gbogbo wọn á ya lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, epo á kún ibẹ̀ àkúnya, owó á já wálẹ̀, ibi tí wọ́n ti kó o ò ní lépo mọ́, iṣẹ́ ibẹ̀ á dúró, ni wọ́n á bá tún ya padà. Ṣé kí n máa ka ẹrù tó ṣì wà lọ́nà mọ́ èyí tó wà nílẹ̀ ni, àbí kí n jẹ́ kí ìròyìn owó ọjà máa pẹ́ kó tó dé ibòmíì? Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyẹn á tún dá kún un.

EVE Online, géèmù òfurufú tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní tiẹ̀, àwọn tó ń gbá a ló ń dá owó lé ọjà fúnra wọn, tèmi ẹnì kan ṣoṣo ló máa gbá a. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?